Ta ló ń pa àwọn òṣìṣẹ́ inú server wa? Iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ méjì kan ní Yábàá bá wa ṣe

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta léèsì ní Balógun, èmi ni mo sì ń bójú tó ìkànnì tó fi ń tà fún àwọn tí kò ráyè wọ ọjà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìkànnì yẹn fi ń já mọ́ àwọn oníbàárà wa lọ́wọ́. Àwọn tó bá wa yanjú rẹ̀ kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá. Ọ̀dọ́bìnrin kan àti ọ̀dọ́kùnrin kan ni, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n háyà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà Herbert Macaulay ní Yábàá. Mo ń kọ èyí nítorí pé inú mi dùn sí iṣẹ́ wọn, mo sì mọ̀ pé àwa tí à ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nílùú Èkó yìí máa ń sanwó lọ́pọ̀ ìgbà fún àtúnṣe tí kì í ṣe àtúnṣe.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìdílé kan fẹ́ ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ìyá wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n wá mú léèsì aláwọ̀ ewé lọ́dọ̀ wa fún aṣọ ẹbí. Ẹ̀gbọ́n mi ya fọ́tò rẹ̀, ó gbé e sórí ìkànnì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ olóògbé sì fi líǹkì rẹ̀ sí WhatsApp ẹbí. Kò pẹ́ tí fóònù mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. “Àǹtí, ìkànnì yín ò ṣí o.” “Mo ń fi nọ́ńbà káàdì mi sí i lọ́wọ́ ló pòórá.” Bí mo bá ṣí i lórí fóònù tèmi, ó ń ṣí geere. Kí n tó dá wọn lóhùn pé ó ń ṣiṣẹ́, ẹlòmíràn á tún pè. Ohun tó mú mi lómi jù nìyẹn: kò kú, kò sì yè.

Àwọn tí a yá server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wa ń gbé, lọ́wọ́ wọn ni mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n fèsì pé àwọn ti pa á, àwọn sì ti tún un tàn, kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnì kejì tí mo pè gba ₦40,000 lọ́wọ́ mi. Ó kọ àṣẹ kan tí yóò máa pa nginx, ètò tó ń gba àlejò fún ìkànnì wa, tí yóò sì máa tún un tàn ní wákàtí wákàtí, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí. Kò ka ìlà kan ṣoṣo nínú log, ìyẹn ìwé tí server ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí. Ó dùn mí gan-an, torí pé nígbàkígbà tí àṣẹ yẹn bá ṣiṣẹ́, àwọn tí nǹkan kan ò ṣe tẹ́lẹ̀ náà á tún já.

Kí n tó dé Yábàá, ó yẹ kí n sọ ohun tí nginx jẹ́, nítorí ẹni tí kò bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ní mọ rírì ohun tí wọ́n ṣe. Alágbàtà ni. Ẹni tó bá mọ Balógun mọ alágbàtà: ó wà láàárín ẹni tó lẹ́rù àti ẹni tó fẹ́ rà á, oníbàárà kì í dé ilé ìkẹ́rùsí. Ètò tó ń ṣírò owó wa, tó sì ń tọ́jú iye yáàdì tó kù, ẹ̀yìn ló wà. Nginx ló dúró níwájú, òun ló ń gba gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn, tó ń bá wọn gbé ìbéèrè wọlé, tó sì ń gbé èsì jáde fún wọn. Igor Sysoev, ọmọ Rọ́ṣíà, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní 2002, ó sì gbé e síta fún gbogbo ayé ní 2004. Ohun tó ń da àwọn oníṣẹ́ server láàmú nígbà náà ni bí ẹ̀rọ kan ṣe lè dá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Bó ṣe tò ó ni pé ọ̀gá kan wà, àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá kì í dá oníbàárà lóhùn rárá. Òun ló ń ka ìwé ìlànà, òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn 80 àti 443 tí àwọn tó ń ṣí ìkànnì máa ń gbà wọlé, òun ló sì ń bí àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní worker. Tiwa jẹ́ mẹ́rin, torí pé core mẹ́rin, ìyẹn ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́, ni server náà ní, a sì kọ “worker_processes auto” sínú ìlànà rẹ̀. Látijọ́, bí Apache, ètò míràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣe ń ṣe é ni pé òṣìṣẹ́ kan ń dojú kọ oníbàárà kan. Bí òṣìṣẹ́ yẹn bá kú, oníbàárà kan ṣoṣo ló bá a lọ. Òṣìṣẹ́ nginx kan lè di ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn ló sì jẹ́ kó yára tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ṣubú, gbogbo ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló bá a ṣubú, títí kan ẹni tó wà nídìí owó sísan. Ọ̀gá á bí òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìkànnì wa fi ń ṣí lójú mi tó sì ń já lójú ẹlòmíràn. Èmi ò mọ èyí títí ọmọbìnrin yẹn fi yà á sórí bébà fún mi.

Ọjọ́ Ajé ni mo lọ. Mo wọ dáńfó ní Ìdúmọ̀tà, ó gba orí afárá Carter, gosló dá wa dúró, ó ti lé ní wákàtí kan kí n tó débẹ̀. Mo bá wọn lẹ́nu iṣẹ́, kò sí iná, jẹnẹrétọ̀ ń dún nísàlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ọmọbìnrin náà jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un tàn mọ́ kí á tó wò ó.” Ó béèrè ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí a yí padà ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àti ẹni tó kọ́kọ́ ṣètò server náà. Kò sí ẹni tó bi mí ní ọ̀kankan nínú ìbéèrè wọ̀nyí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ó ṣí error log, ìyẹn àkọsílẹ̀ àṣìṣe, ó sì fi ìlà kan hàn mí: worker process 2317 exited on signal 11. Ó ka iye ìgbà tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó jẹ́ 214. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yẹn, 11, tó ń sọ irú ikú tó pa òṣìṣẹ́ náà, ló tẹjú mọ́. Ó ṣàlàyé pé ká ní 9 ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mẹ́mórì server ló tán, tí kernel, ètò tó ń ṣàkóso kọ̀ǹpútà náà látìsàlẹ̀, sì mú ọ̀kan pa láti gba àyè sílẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, owó tí a máa fi ra mẹ́mórì kún un ni à bá wá. Signal 11 yàtọ̀. Òṣìṣẹ́ náà na ọwọ́ sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú mẹ́mórì, kernel sì dá a dúró. Bí a bá ra mẹ́mórì tó kún yàrá, kò ní dáwọ́ dúró.

Àmọ́ ẹnìkejì rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin yẹn, kò gbà bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ṣì ń fura sí mẹ́mórì, ó sì lo bíi wákàtí kan ààbọ̀ lórí rẹ̀, ó ń wo iye tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé wọn ò ka wákàtí yẹn mọ́ owó mi, èmi kọ́ ni mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má kà á.

Mo ní kí wọ́n kúkú wo access log, àkọsílẹ̀ àwọn tó ń wọlé, kí á mọ ẹni tó ń ṣí kí ni nígbà tó já. Ọmọbìnrin náà ní kò ní sí níbẹ̀. Ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá parí ìbéèrè oníbàárà ló ń kọ ọ́ sínú access log. Èyí tó pa á kò parí, nítorí náà kò ní àkọsílẹ̀. Ẹnu yà mí. Mo ti fi òru méjì ka access log yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ń wá ohun tí kò lè sí níbẹ̀.

Dmesg ló wò tẹ̀ lé e, níbi tí kernel fúnra rẹ̀ ti máa ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ìlà tó ní segfault, orúkọ irú ikú signal 11 yìí, níbẹ̀ ló dárúkọ fáìlì kan náà, fáìlì .so kan. Kì í ṣe ara nginx. Module kan ni, ìyẹn àfikún tí ẹlòmíràn kọ, tí ẹni tó ṣètò server wa lọ́jọ́ kìíní fi sí i kó lè máa sọ fọ́tò di kékeré fún ẹni tó bá fi fóònù wò ó. Láti 2016, nínú nginx 1.9.11, ni wọ́n ti gba irú module bẹ́ẹ̀ láyè pé kí a máa kó o wọlé láti ìta láìtún nginx kọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Inú òṣìṣẹ́ gan-an ló ń gbé, kò sí ògiri láàárín wọn. Bí module bá ṣìṣe, òṣìṣẹ́ ló ń kú. Ó kọ́kọ́ fi àṣẹ nginx -V wò ó bóyá wọn kò kọ́ module náà fún irú nginx tí à ń lò. Ó bá a mu. Ìyẹn kọ́.

Níbí ni ẹlòmíràn ì bá ti yọ module náà, kó gba owó rẹ̀, kó sì lọ. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní module yìí ti wà níbẹ̀ láti ọdún kan ààbọ̀ láìpa ẹnikẹ́ni, òun fẹ́ mọ ohun tó yí padà. Wọ́n fẹ́ gba òkú òṣìṣẹ́ náà kí wọ́n tú u wò, ohun tí wọ́n ń pè ní core dump: gbogbo ohun tó wà ní mẹ́mórì òṣìṣẹ́ náà ní ìṣẹ́jú àáyá tó kú, tí kernel á kọ sínú fáìlì kan.

Kí wọ́n tó ṣe é, ó yí sí mi. “Àǹtí, inú fáìlì yẹn, password àwọn oníbàárà yín lè wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ TLS ìkànnì yín, tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ láàárín yín àti oníbàárà, náà wà níbẹ̀. Ṣé ẹ gbà?” Ó ṣàlàyé ibi tí yóò kó o sí, pé kò ní kúrò lórí server náà, pé ojú mi ni yóò ṣe pa á rẹ́ bí iṣẹ́ bá parí, àti pé a máa pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀ kí ọkàn wa lè balẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo sọ ọ́ fún un, ó ní kí wọ́n ṣe é. Bí mo bá ní kí n mú ohun kan nínú gbogbo iṣẹ́ yìí tó jẹ́ kí n fọkàn tán wọn, ìbéèrè yẹn ni.

Ìlà méjì ni wọ́n fi kún ìlànà nginx, worker_rlimit_core àti working_directory, wọ́n sì ní kó tún ìlànà náà kà láìjá ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ kú, a ò rí òkú. Ọ̀dọ́kùnrin náà ló rí ìdí rẹ̀: root, ọ̀gá àgbà orí server, ló ni fọ́ódà tí wọ́n ṣí, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ kì í ṣiṣẹ́ lórúkọ root, kò lè kọ nǹkan síbẹ̀. Wọ́n yí i padà. Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí àwọn èèyàn ti délé tí wọ́n sì ń wo WhatsApp, fáìlì mẹ́ta ti wà níbẹ̀.

Wọ́n fi gdb, ètò tí wọ́n fi ń tú irú òkú bẹ́ẹ̀ wò, ṣí i. Àmì ìbéèrè méjì méjì ló kún ojú kọ̀ǹpútà, ??, ??, torí pé wọ́n ti yọ orúkọ àwọn iṣẹ́ inú rẹ̀ kúrò lára nginx tí à ń lò kó lè fúyẹ́. Wọ́n wá fáìlì tó ní àwọn orúkọ náà, tó bá nginx yẹn mu gẹ́lẹ́, wọ́n fi sí i, orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì jáde ní títò, láti ibi tí òṣìṣẹ́ ti gba ìbéèrè títí dé ibi tó ti ṣubú. Láti inú òkú náà ni wọ́n ti ka àdírẹ́sì tí òṣìṣẹ́ ń dáhùn nígbà tó kú. Fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àdírẹ́sì kan náà: fọ́tò léèsì aláwọ̀ ewé.

Mo dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó wá yé mi. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé fọ́tò yẹn sókè ni NEPA mú iná lọ ní ṣọ́ọ̀bù, router kú, fọ́tò náà sì dúró lágbedeméjì. Ètò wa gba ìdajì fọ́tò yẹn láìbéèrè ohunkóhun. Ojú ewé aṣọ náà ń fi fọ́tò náà hàn, ìdajì òkè rẹ̀ ló wà, ìdajì ìsàlẹ̀ jẹ́ eérú. Nígbà tí module bá fẹ́ sọ ọ́ di kékeré, ó gbà pé odindi ni, ó ń kà á kọjá ibi tó parí, títí tó fi kan ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Gbogbo ará ilé tó bá tẹ líǹkì yẹn ń pa òṣìṣẹ́ kan. Bó bá já, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún pa òmíràn. Ọgọ́ta èèyàn nínú WhatsApp ẹbí kan, òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Fóònù tèmi sì ń ṣí geere torí pé ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo máa ń ṣí, n kì í wọ inú aṣọ náà lọ.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gùn. Wọ́n yọ fọ́tò náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òṣìṣẹ́ kankan kò sì kú mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní ọjọ́ kejì wọ́n yọ module náà pátápátá. Sísọ fọ́tò di kékeré ti di iṣẹ́ ètò wa fúnra rẹ̀ báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí a bá gbé e sókè, kì í ṣe ní ojú oníbàárà. Bí fọ́tò kò bá sì pé, kò ní gbà á. Wọ́n pa àṣẹ wákàtí wákàtí tó jẹ mí ní ₦40,000 rẹ́. Wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ TLS, wọ́n pa àwọn òkú náà rẹ́ lójú mi, mo sì wo fọ́ódà náà fúnra mi. Wọ́n tún kọ ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ module yẹn, láìfi nǹkan kan tó jẹ́ tiwa sí i. Èyí kò sí nínú ohun tí mo sanwó fún.

₦150,000 ni wọ́n gbà, ìdajì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ìdajì nígbà tí ó pé ọjọ́ mẹ́ta tí kò sí òṣìṣẹ́ tó kú. Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ó wọ́n. Mo sọ fún un pé kó ṣírò léèsì tí kò tà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó dákẹ́, ó fi tiránsífà ránṣẹ́ sí wọn.

Àwọn ohun kan wà tí n kò fẹ́. Wọn kì í gbé fóònù lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjì yẹn gan-an ni ọjà aṣọ ẹbí máa ń gbóná jù. Mo sọ ọ́ fún wọn, wọ́n ní ẹni méjì péré ni àwọn, ó yẹ kí àwọn sinmi. Mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n sinmi, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó gbára lé wọn. Ìkejì ni ìjábọ̀ wọn. Ojú ewé mọ́kànlá ni, èdè Òyìnbó ni gbogbo rẹ̀, ó kún fún àṣẹ kọ̀ǹpútà. Ó dára fún èmi. Ẹ̀gbọ́n mi tó sanwó kò lè kà á, bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, Yorùbá tó dán mọ́rán ni ọmọbìnrin yẹn fi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa kọ ojú ewé kan ní Yorùbá síwájú rẹ̀. Yàrá wọn náà há, àga kan ṣoṣo ló wà fún àlejò, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ga fún ẹni tí orúnkún ń dùn.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ, ó dára kó ti gba àyè wọlé server rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣètò rẹ̀ kó tó kúrò nílé. Èmi ò gbà á tẹ́lẹ̀, ìyẹn sì jẹ wá ní wákàtí méjì tí a fi ń pe ẹni tí kò gbé fóònù. Kó má sì tún ohunkóhun tàn kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Wọ́n fi ohun kékeré kan sílẹ̀ fún wa lórí server náà: bí òṣìṣẹ́ kan bá kú, yóò fi nọ́ńbà rẹ̀ àti signal tó pa á ránṣẹ́ sí fóònù mi. Ó ti tó oṣù méjì, kò tíì ránṣẹ́. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde yẹn ra yáàdì wọn tán kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Mo ti gbé iṣẹ́ kejì fún àwọn ọmọ náà, ti ìkànnì ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta gèlè ní òpópónà kejì sí wa. Iṣẹ́ tiẹ̀, signal 9 ni.